Bí Mo Ṣe Béèrè Ọ̀nà ní Bẹẹrẹ, Tí Mo sì Ṣìnà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè. Mo tilẹ̀ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì, mo fi déètì sí i lórí. Síbẹ̀, ó ku díẹ̀ kí àwọn ìyá ọlọ́jà Ọjà'ba fi ìgbálẹ̀ lé mi gun òkè Màpó.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ni ọ́fíìsì wa wà. Tí mo bá ṣí fèrèsé, Gbọ̀ngàn Màpó ni mò ń wò lókè, tòun ti òpó ńláńlá rẹ̀. Láti 1929 tí wọ́n ti ṣí i ló ti ń wo àwọn òrùlé tó dípẹtà nísàlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣòwò ló gbà mí síṣẹ́, pé kí n máa bá wọn tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí kálukú fi pamọ́ àti èyí tí wọ́n yá. "Ẹńjíníà" ni wọ́n ń pè mí. N kì í ṣe ẹńjíníà o, ṣùgbọ́n ta ni í kọ oyè?

Inú dátábéèsì PostgreSQL ni gbogbo ìṣirò yìí wà. Ẹ̀dùn ọkàn wa kò ju ẹyọ kan lọ: ìròyìn ìparí oṣù ń gbà tó ìṣẹ́jú 11 kó tó jáde. Alhaja Akápò, tó ti ń fi ìwé gígùn ṣírò owó ẹgbẹ́ kí wọ́n tó bí mi, kì í pariwo lé e lórí. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ra èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Wọ́n lọ, wọ́n ná ọjà, wọ́n tún ná an, wọ́n padà dé. Kọ̀ǹpútà ṣì ń yí. Wọ́n gbé èlùbọ́ kalẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹńjíníà, sé kì í se pé ẹ̀rọ yẹn náà lọ sọ́jà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo pinnu pé n ó wádìí ọ̀nà tí ìbéèrè wa ń gbà tó fi ń pẹ́ báyẹn.

Tí èèyàn bá bi dátábéèsì ní ìbéèrè, ohun tó fẹ́ nìkan ló ń sọ. Kì í sọ ibi tí dátábéèsì máa gbà wá a. Bí ìgbà téèyàn wọ ọkọ̀ Micra ní Bẹẹrẹ, tó ní "Ọjà'ba wà," ló rí. Dẹ́rẹ́bà ló mọ̀ bóyá títì lòun máa gbà, tàbí òun máa yà gba àárín agboolé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nínú dátábéèsì náà, dẹ́rẹ́bà kan wà níbẹ̀ tí í ṣírò ìnáwó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kó tó mú èyí tó fúyẹ́ jù. Patricia Selinger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ló kọ ọgbọ́n yìí jáde ní 1979, àwọn dátábéèsì ńlá sì ń jẹ nínú rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà a máa ṣi ọ̀nà mú. Ó lè mú Seq Scan níbi tí kò yẹ: bí ẹni tó ń wá èèyàn kan lọ sí Bẹyẹrunká, tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn gbogbo agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan. Index Scan ni kéèyàn bi ìyá alákàrà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kó sì nàka sí yàrá náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fi ń béèrè ọ̀nà yìí: EXPLAIN. Ẹ fi síwájú ìbéèrè yín, dẹ́rẹ́bà á ka gbogbo ibi tó fẹ́ gbà sílẹ̀ fún yín, kò sì ní ṣíná ọkọ̀. Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú: kò ní ṣíná ọkọ̀.

Ìbéèrè 14 la ní nínú fóldà kan. Mo kọ EXPLAIN sórí gbogbo wọn, mo wá kọ àṣẹ kan sójú dúdú kọ̀ǹpútà, pé kí psql, ìránṣẹ́ tó ń gbé ìbéèrè lọ bá dátábéèsì, máa bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa tọ́jú ìdáhùn sínú fáìlì:

for f in *.sql; do psql -d ajo -f "$f" > eto.txt; done

Ìgbà 14 ló bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù, ìgbà 14 ni mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ṣe tán, mo lọ fi yangàn fún Bàbá Alága: "Bàbá, ètò 14 ti wà nílẹ̀." Bàbá ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí àwọn rí i. Ojú ewé kan péré ló jáde. Àmì > tí ẹ rí yẹn, ohun tó bá bá nínú igbá ló ń dà nù kó tó bu tuntun sí i. Ìgbà 14 ló bu ọbẹ̀, ìgbà 13 ló dà á nù.

Bàbá ní, "Mẹ́tàlá yòókù ńkọ́?"

Mo ní wọ́n jọra.

Bàbá wọ awò wọn, wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́, ojú wọn yí padà. "Cost, ẹgbàá mẹ́rìnlélógún àti igba lé ní..." Wọ́n pa ìṣirò náà tì, wọ́n fi ìka lé e: 48213.07. "Ta ló máa san eléyìí?" Mo ní kì í ṣe náírà, pé ìwọ̀n kan lásán ni dẹ́rẹ́bà fi ń fi ọ̀nà kan wé èkejì, kì í tilẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Bàbá ká bébà náà, wọ́n fi í sápò agbádá. Ó hàn pé wọ́n fẹ́ gbé e dé ìpàdé.

Mo tún àṣẹ náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti déètì tirẹ̀, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún cron, aláago orí kọ̀ǹpútà, pé kó máa ṣe é ní aago méjì òru. Láràárọ̀ ni mò ń yọjú wo fóldà náà. Orúkọ dúró létòlétò, déètì pé. Ọjọ́ kẹsàn-án, fáìlì 126 ti wà níbẹ̀, inú mi ń dùn bíi bàbá ìbejì. Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó rántí pé èèyàn lè ṣí fáìlì.

Òfìfo. Mo ṣí òmíràn, òfìfo. Gbogbo wọn pátá, kò sí lẹ́tà kan nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, lóru, kò sí èmi tí yóò tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé fáìlì kalẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń pe psql. Psql á béèrè páásíwọ́ọ̀dù, kò ní rí i, á bínú lọ. Ìbínú yẹn kì í sì í gba ẹnu ọ̀nà tí > ń ṣọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, lọ sínú àpótí lẹ́tà tí mi ò yẹ̀ wò rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi to àwo bí ìyá alámàlà, n kò sì dáná.

Mo tún un ṣe. Mo fi 2>&1 sí ìdí àṣẹ náà kí ìbínú àti ìdáhùn jọ wọ fáìlì kan. Mo kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú .pgpass nínú ilé tèmi lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi chmod 600 tì í kí ojú ẹlòmíràn má baà dé ibẹ̀, torí bí ojú ẹlòmíràn bá lè dé ibẹ̀, psql kò ní lò ó. Lọ́jọ́ kejì, fáìlì 14, ọ̀rọ̀ kún inú wọn. Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n EXPLAIN, àfojúbù ni. Mo fẹ́ mọ àkókò gan-an. Mo sì ti kà á níbì kan pé tí èèyàn bá fi ANALYZE kún un, dátábéèsì á sọ àkókò tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà ní ti gidi. Mo tẹ ìlà kan:

sed -i 's/^EXPLAIN/EXPLAIN ANALYZE/' *.sql

Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yí gbogbo fáìlì 14 padà. Mo lọ jẹ àmàlà.

Báwo ni dátábéèsì ṣe ń mọ àkókò gidi? Ó ń rìn ín ni! Dẹ́rẹ́bà á gbé ọkọ̀, á mú aago dání, á dé Ọjà'ba, á padà wá ròyìn. Ìwé PostgreSQL fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ketekete; èmi ni n kò kà dé ibẹ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti wíwò lásán, kò séwu. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 14 yẹn, ọ̀kan ń jẹ́ nu_kuro.sql. DELETE ló wà nínú rẹ̀: kó yọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò tíì dáwó láti oṣù mẹ́fà. Ìpàdé gbogboogbò kò tíì fọwọ́ sí i. Mo kàn fi sílẹ̀ níbẹ̀ de ọjọ́ ìpàdé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí fáìlì náà, torí mo ti gbọ́n. Ohun tí mo rí rèé, bí mo bá gé e kúrú:

Delete on omo_egbe (actual time=9.412..9.413 rows=0 loops=1)
  -> Seq Scan on omo_egbe (actual time=0.031..6.870 rows=61 loops=1)

Mo ka ìlà àkọ́kọ́: rows=0. Mo ní, "Ọpẹ́ o, kò pa nǹkan kan rẹ́." N kò mọ̀ pé òdo yẹn kò túmọ̀ sí pé kò pa nǹkan kan. Ó túmọ̀ sí pé kò kó nǹkan kan padà wá fún mi ni. Ìlà kejì ló ka òkú, èèyàn 61, n kò sì wo ìsàlẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá aláta kan láti Ọjà'ba wọlé wá yáwó. Mo tẹ orúkọ wọn, kò sí. Mo tún un tẹ̀, mo yí àmì ohùn padà, kò sí. Ìyá tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, sé mo ti kú ni?" Méjì mìíràn ti wà lẹ́yìn wọn, àwọn náà ń béèrè bóyá àwọn ti kú. Owó wọn wà níbi ìfowópamọ́, ó pé kọ́bọ̀. Kò kàn sí ẹni tó ni ín mọ́. Mo sáré lọ síbi ẹ̀dà tí a ń tọ́jú lóru. Kì í ṣe orúkọ tèmi ni cron tiẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, inú ilé tèmi sì ni .pgpass wà. Ẹ ti mọ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn.

Alhaja Akápò kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fa ìwé gígùn wọn yọ nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n tutọ́ sí ìka, wọ́n ṣí i. Wọ́n ń kà, mò ń tẹ̀. Wọn kò sì lè ka orúkọ kan kí wọ́n má pìtàn rẹ̀: eléyìí lọ sílé ọkọ ní Fọ́kọ̀, tọ̀hún ló ń ta aró kó tó di pé ó ń ta àdìrẹ, èyí kò dáwó torí pé Mẹ́kà ló wà. Wọ́n pe ìrun Màgàríbì kí a tó kan ẹnì kọkànlélọ́gọ́ta.

Ní báyìí, inú fóldà ọ̀tọ̀ ni mo ti gbogbo DELETE àti UPDATE mọ́. Tó bá di dandan kí n wọn àkókò wọn, BEGIN ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀, ROLLBACK ni mo sì fi ń parí, kí dẹ́rẹ́bà lè fi ẹ̀yìn rìn padà sí Bẹẹrẹ bí ẹni tí kò jáde. Mo sì ń ka fáìlì dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé tábìlì owó sísan ni wọ́n ń kan gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo fi atọ́ka kan sí i. Ìṣẹ́jú 11 di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Alhaja wo ìròyìn náà bó ṣe já bọ́, inú wọn kò dùn. "Nígbà wo ni mo fẹ́ wá lọ ra èlùbọ́ báyìí?"

Wọn kò tíì ju ìwé gígùn nù. Tí wọ́n bá sì ti rí i pé ìka mi ń lọ síbi Enter, wọ́n á gbójú sókè láti inú rẹ̀, wọ́n á wò mí lórí awò:

"Ẹńjíníà, sé ò ń béèrè ọ̀nà ni, àbí o ti ń lọ?"