Ta Ló Sọ Iyán Di Ṣúgà?

Ẹ gbà mí o, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Èmi kì í jẹ ohun dídùn. N kì í po ṣúgà mọ́ tíì, ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ ilé mi àfi tí àlejò bá ń bọ̀, bisikíìtì sì wà fún àwọn ọmọ. Aládùúgbò mi kan wà tó ń da ṣúgà sínú gààrí bí ìgbà tí wọ́n ń da yanrìn sí kọnkéré. Ara rẹ̀ le koko. Èmi ni àtọ̀gbẹ wá mú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ tí n kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ẹ̀rọ ní 168. Wọ́n ní tó bá ti dé 126, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rọ kò yí ẹnu padà.

Nọ́ọ̀sì ní kí n ka oúnjẹ tí mò ń jẹ. Mo ní iyán, ó mi orí. Mo ní àmàlà, ó tún mi orí. Mo ka ẹ̀bà, mo ka fùfú, mo ka ìrẹsì, títí mo fi kan ẹ̀kọ, orí ń mì lọ. "Bàbá, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà tí wọ́n bá dénú." Iyán! Ó ṣàlàyé pé insulin ló yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, pé ara tèmi ti ń ṣorí kunkun sí i, ni ṣúgà fi ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìríbi wọ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kí wọ́n bá wí, ara tó ń ṣorí kunkun ni àbí èmi tí ebi ń pa?

Gbogbo ẹbí di dókítà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi ewúro ni kí n máa mu, kí n da oògùn nù. Mo mu ewúro, mo sì fi metformin, oògùn tí wọ́n fún mi, lé e. Àbúrò ìyàwó mi ní wíìtì. Ìyàwó mi ní èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú. Àwọn tó ń tà á lọ́jà mọ̀ pé aláìsàn ló ń wá a, owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ létí. Mo ti ń múra láti jẹ wíìtì ní òkìtì òkìtì nígbà tí nọ́ọ̀sì ní wíìtì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò mọ́wọ́ kúrò nínú ọ̀ràn ṣúgà, pé bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó lójú àwo ni kí n máa wò. Kí òkèlè má ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ ò rí ìkúùkù ọ̀hún ni, ọwọ́ télọ̀ ni mo ní, kò tó nǹkan. Ẹ̀fọ́ ni yóò gba ìdajì àwo, ẹja tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdámẹ́rin, kí òkèlè fún ara rẹ̀ mọ́ igun tó kù.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ètò jíjẹ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tán kí n tó fọwọ́ kan òkèlè, kí ṣúgà má baà fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́! Ìfọ́tí mélòó ni mo jẹ lọ́wọ́ ìyá mi nítorí pé mo bu ẹran jẹ kí oúnjẹ tó tán? Ọmọ tó bá kọ́kọ́ mú ẹran, olè ni yóò dà. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn. Àti pé báwo lèèyàn ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ láìsí òkèlè tí yóò gbé e? Ó ní ṣíbí. Ṣíbí!

Níbi òwàmbẹ̀ ìgbéyàwó kan báyìí, ìyàwó mi ké sí olóúnjẹ: "Ẹ má bu àmàlà púpọ̀ fún Dádì o, wọ́n ní ṣúgà!" Ìlù dákẹ́ lásìkò yẹn gan-an. Gbogbo tábìlì tó yí wa ká yíjú sí mi. Mo gba àwo mi, mo mú ṣíbí, mo doríkọ ẹ̀fọ́ àti ẹja bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí títí, ó fẹnu sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí, kò sì rọra sọ ọ́: "Irú àgbàlagbà wo lèyí? Ẹja ló kọ́kọ́ jẹ!"