Ẹni Jẹ Gbì, Ẹni Kú Gbì

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Ní ti owó ibodè, oníbodè ayé ìgbà tiwọn nìkan ni wọ́n mọ̀, èyí tí í gba owó ẹyọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Láyé tiwa yìí, ẹnìkan lè jókòó sí Washington kó jẹ gbì, kí ẹlòmíì kú gbì ní Maseru, olú-ìlú Lesotho.

Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Trump ti Amẹ́ríkà dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní Lesotho jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò pé oṣù kan, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ó kéde owó ibodè ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà wọn. Ẹni tí a ò mọ̀ rí, ibo la ti mọ gbèsè ọrùn rẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n ń rán jíǹsì tà fún Amẹ́ríkà, wọn ò sì lówó tí wọn yóò fi ra ọjà Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀. Tálákà tí kò lè ra mọ́tò lọ́wọ́ yín ló wá di olè! Nígbà tí wọ́n fi dín in kù sí ìdá 15 ní oṣù Kẹjọ, àwọn oníbàárà ti fawọ́ sẹ́yìn, aránṣọ ti ń padà sílé.

Wọ́n kú gbì ní Maseru, àwa ń dáwó òkú ní West End, Atlanta níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan kọ́bọ̀ owó ibodè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2025, ìyẹn dópin. Wọ́n ní àjèjì ni yóò san owó ibodè náà. Àjèjì wo? Oníbodè kì í lọ gbowó l'Óṣogbo tí ẹrù ti wá. Ọwọ́ ẹni tó ń gba ẹrù l'Atlanta ló ti ń gbà á, onítọ̀hún a sì rọra bù ú lé ike òrí àti ọṣẹ dúdú tí à ń rà.

Ẹ má tíì fi Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín o. Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà náà ti bodè mọ́ orílẹ̀-èdè Benin nítorí ìrẹsì fàyàwọ́; ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Tòmátì jẹrà mọ́ àgbẹ̀ Benin lọ́wọ́, ìrẹsì gbówó lórí l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni Kétu tó wà ní Benin àti Ìmẹ̀kọ tó wà ní Nàìjíríà.

Ẹ dákun, ẹ yí ìbàdí jíǹsì yín síta, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Lesotho níbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ ń jókòó lé láti ọjọ́ yìí.