Ọ̀rẹ́ Tó Ti Kóòtù Bọ̀

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì rí lọ́yà méjì níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ìjókòó kóòtù. Bó bá rí wọn ni, ì bá fi kún un pé àwọn tó lẹjọ́ ni kì í ṣọ̀rẹ́ mọ́. Àwọn tó bá wọn rò ó, ọ̀rẹ́ ni wọ́n bá lọ, ọ̀rẹ́ ni wọ́n bá bọ̀.

Nígbà tí wọ́n rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ òfin lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n pè. Lọ́yà olùpẹjọ́ dìde, ó ní ìwé tí wọ́n kó wá kò bófin mu, kí adájọ́ dà á nù. Ti olùjẹ́jọ́ náà fò dìde, ó ní àtifi àkókò kóòtù ṣòfò lásán ni. Ohùn ròkè. Bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ń mirí, inú rẹ̀ ń dùn pé owó tóun san kò ṣègbé. Adájọ́ ní òun yóò sún ẹjọ́ síwájú, kí wọ́n mú ọjọ́. Àwọn méjèèjì ṣí dáyárì, wọ́n forí korí.

"Ọjọ́ kẹrìnlá ńkọ́?"

"Mo ní ẹjọ́ n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fi sí oṣù tó ń bọ̀."

Nígbà tí a ó fi jáde, ọ̀kan ti ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìkejì lọ, nítorí ti ìyẹn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bàbá ṣì dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń bi akọ̀wé kóòtù pé, "Kí ni wọ́n wí o?" Ó máa sanwó ọjọ́ náà ṣá. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ń gba owó ìfarahàn, kí ẹjọ́ rìn, kó má rìn.

N kò bá wọn wí fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìlànà iṣẹ́ wa ló ní ká má sọ ìjà oníbàárà di tiwa. Bí àwọn tó ń rojọ́ náà bá tún ń bára wọn jà ní tòótọ́, a ó nílò kóòtù mìíràn fún tiwọn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa.

Kéèyàn tó di lọ́yà ní Nàìjíríà, yunifásítì nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ gba Nigerian Law School kọjá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń dán wa wò lé lórí, ìwà lọ́yà sì wà nínú wọn. Máàkì tó bá kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń pín ipò fúnni, kéèyàn mọ mẹ́rin yòókù bí ẹni mowó. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà tí kò ní máàkì rárá, oúnjẹ alẹ́ ni. A ó wọ kóòtù dúdú lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn àgbà lọ́yà a jókòó sídìí tábìlì òkè, a ó máa fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti àwọn tó fi àṣà náà ránṣẹ́ sí wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó yege jù lọ tí kò wá jẹun, wíìgì kò kàn án. Ẹni tó ń na iyọ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti òun yóò sì máa bú ara wa lọ́la lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ìlànà ìwà lọ́yà ní kí lọ́yà jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé a lè parí ìjà láìdé kóòtù. Ìlà kan ni, a há a sórí. Ní Èkó, kóòtù gíga tún ní kí olùpẹjọ́ kọ́kọ́ búra pé òun ti gbìyànjú ìlàjà. Ẹ wá wo lẹ́tà ìlàjà tí àwọn kan ń kọ: ẹ wá yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rí pupa ojú wa! Wọ́n á so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ìwé ìbúra. Ìlàjà parí.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò mọ ẹjọ́ Ariori àti Elemo. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni, l'Ékòó. Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gbòmìnira ni wọ́n gbé e dé kóòtù. 1983 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé adájọ́ àkọ́kọ́ ti pẹ́ jù kó tó dájọ́, kí wọ́n padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, òfin orílẹ̀-èdè ní kí adájọ́ dájọ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bá sọ̀rọ̀ tán. Abala kan náà ló ní bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nìkan kò ba ìdájọ́ jẹ́.

Àwọn olóṣèlú ló mọ òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn í tú. Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti oṣù kẹrin 2007 lọ sí kóòtù, oṣù kọkànlá 2010 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yọ Oyinlọlá nípò gómìnà fún un. Nígbà tó di 2014, inú ẹgbẹ́ òṣèlú APC kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní báyìí, 180 ọjọ́ ni òfin fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò láti dájọ́, kí wọ́n lè tètè padà sídìí ọ̀rẹ́ wọn. Ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kan ń gbé l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti ń tọ́jú ẹjọ́ dè mí. Ààlà ilẹ̀ ni. Látìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni wọn kò ti kí ìdílé kejì mọ́, nítorí "lọ́yà wa ń bọ̀." Mo ṣàlàyé Lagos Multi-Door Courthouse fún wọn, pé ó ti wà láti 2002, pé onílàjà ni yóò jókòó láàárín, pé bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn, ó ti di ìdájọ́ kóòtù nìyẹn. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ṣé o máa wọ wíìgì níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Ìdí tábìlì kan náà ni gbogbo wa máa jókòó sí."

"Pẹ̀lú àwọn yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹ ní wíìgì ná."