Ti Ọrùn Ẹni Tó Fẹ́ Dá Aṣọ Fún Ni

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ẹnìkan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí àkísà wà lọ́rùn tirẹ̀, tí ó wá ń ṣèlérí sányán àti àlàárì fún ẹlòmíràn, bí kì í bá ṣe ara rẹ̀ ni ó ń tàn, a jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣèlérí fún ni. Nígbà tí wọ́n dá òwe náà, ojú lásán ni a fi ń wo irú ọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣèlérí àti ẹni tí a ṣèlérí fún jọ ń pọn omi nínú odò kan náà ni, wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà. Ọjà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dojú kọ lónìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó ń tà ti lè wà ní Òṣogbo kí ẹni tó ń rà wà ní Toronto, tí ẹnì kìíní kò sì ní rí nǹkan kan lára ẹnì kejì ju ohun tí onítọ̀hún bá fi sí ojú ìwé rẹ̀ lọ. Èèyàn ìbá rò pé irú ọjà yìí gan-an ni òwe náà yóò ti wúlò jù, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ nù, tí aláṣọ àti alákìísà fi di ọgbọọgba níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò bá ti ń dán.

Fíríláǹsà ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ aládàáṣe, ìyẹn ẹni tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí ó ń ta ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé kíkọ, àwòrán yíyà, fídíò títò tàbí ìtumọ̀ èdè, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ bá ṣe ń yọjú. Àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun: Elance bẹ̀rẹ̀ ní 1999, oDesk tẹ̀ lé e ní 2003, àwọn méjèèjì sì para pọ̀ di èyí tí ó ń jẹ́ Upwork láti 2015, nígbà tí Fiverr, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní 2010, gba orúkọ rẹ̀ láti ara dọ́là márùn-ún tí ó jẹ́ iye owó iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di àríyá àti ìjà ní Nàìjíríà ni naira. Ní oṣù kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tí ó fi so owó náà mọ́lẹ̀, dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 naira sì ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Ní ọdún 2024 yẹn kan náà ni ìjọba fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 naira, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ àádọ́ta dọ́là kan ṣoṣo, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè parí láàárín ọjọ́ méjì, ti ju iṣẹ́ oṣù kan lọ. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ sáré.

Ẹni tó kọ́kọ́ dúró de àwọn tó ń sáré yìí lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe oníbàárà, kóòṣì ni. Kóòṣì ni ẹni tó ní òun yóò kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe rí oníbàárà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ méje, láìní kọ̀ǹpútà, láìmọ iṣẹ́ kankan, lórí fóònù lásán. Orí WhatsApp ni kíláàsì rẹ̀ wà. 50,000 naira ni iye rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nítorí àánú, wọ́n ti bẹ́ ẹ wálẹ̀ sí 5,000 fún ogún ènìyàn tó bá kọ́kọ́ sanwó, ogún ènìyàn yìí kì í sì í pé láéláé, nítorí pé bí a bá padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ààyè méjì péré ni yóò ṣì kù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bi kóòṣì léèrè irú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fún àwọn oníbàárà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà pé ó ní ẹ̀mí òdì.

Àlẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé kalẹ̀, ìyẹn ìfitónilétí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà tí owó bá wọlé. Ó yẹ kí a wo ẹ̀rí náà dáadáa, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì sọ pé owó dé, kò sọ iṣẹ́ tí ó mú un wá. Bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá san 5,000 naira, 500,000 ti wọlé, kóòṣì sì lè ya àwòrán rẹ̀ kí ó fi pe ọgọ́rùn-ún mìíràn láìparọ́ kankan. Aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n hun ún. Nígbà tí ọjọ́ méje bá sì pé tí oníbàárà kò yọjú, ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ti rí i pé ohun kan ṣoṣo tí òun kọ́ yanjú ni bí a ṣe ń ṣí kíláàsì, yóò sì ṣí tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ òtítọ́ wà, kò yẹ kí a ba tiwọn jẹ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ rọrùn: ojú ìwé wọn lórí ìkànnì iṣẹ́ wà ní gbangba, iye iṣẹ́ tí wọ́n ti parí wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ nípa wọn sì wà nísàlẹ̀. Wíwo ọrùn bẹ́ẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tí wọ́n tàn yìí náà kì í pẹ́ tí yóò fi di atannijẹ kékeré, èyí sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù. Ó ń fẹ́ kí àlejò kan ní òkè òkun gbé iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé àlejò náà yóò wo ọrùn òun. Dípò kí ó wá aṣọ, ó lọ yá a. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún yóò kọ sójú ìwé rẹ̀ pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́wàá. Àwòrán tí ẹlòmíràn yà ní Brazil ni yóò kó wá ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹni tó bá fi àwòrán náà wá inú Google yóò rí ẹni tó ni ín kí omi tó hó. Àwọn mìíràn a yá ojú ìwé odindi, tí wọ́n sanwó fún àkáǹtì ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, títí di ọjọ́ tí ìkànnì náà bá ní kí oníṣẹ́ mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wá kí ó sì jẹ́ kí àwọn rí ojú rẹ̀ lórí fídíò.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń tọrọ iṣẹ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, ẹ̀rọ ti ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ lẹ́tà kan náà, tí ó ń kí ọ̀gá olùgbanisíṣẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ó ń sọ pé iṣẹ́ náà ń jó nínú òun bí iná, láìsọ ohun kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ náà. Ìfura ti wá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà débi pé ó ń ṣèèṣì ba aláìṣẹ̀: ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator, ilé-iṣẹ́ tó ń fowó ran àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnìkan fi lẹ́tà gbé iṣẹ́ tuntun kan síwájú òun, àti pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó láti mú kí òun fura pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà yarí, wọ́n ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-ìwé kọ́ àwọn nìyẹn. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ìjàre kì í bá ènìyàn gba iṣẹ́. Owó sì ń lọ sórí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Lórí Upwork, àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní Connects ni a fi ń tọrọ iṣẹ́, 0.15 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan sì lè gba mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fọ́n lẹ́tà kan náà sí ogún oníbàárà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ti ná ọgbọ̀n dọ́là, ìyẹn nǹkan bí 45,000 naira ní iye tí a ti sọ lókè, láti fi sọ fún ogún ènìyàn pé òun kò ka ohun tí wọ́n kọ.

Báwo ni ẹni tí kò tí ì ní oníbàárà rí yóò ṣe ní aṣọ lọ́rùn? Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ìyọ̀ǹda tí ọ̀gá ń fún ọmọ iṣẹ́ tó ti kọ́ iṣẹ́ yanjú, kì í dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ gbé aṣọ wá kí ó tó rán nǹkan. Yóò rán bùbá fún àbúrò rẹ̀, yóò sì fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ẹni tó ń kọjá lè fọwọ́ kan ojú rírán rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó jọ bùbá yìí gbọ́dọ̀ kéré, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú iṣẹ́ tí ẹni náà fẹ́ tà gan-an. Ká mú ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dán mọ́rán. Bí ó bá kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé òun ń túmọ̀ èdè, òun ń tẹ̀wé, òun ń bójú tó Facebook, òun tún ń ṣe akọ̀wé láti òkèèrè, kò sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀, nítorí pé ẹgbàágbèje ènìyàn ni wọ́n kọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ òun ni láti fi Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fídíò Yorùbá, kí ohùn àti ọ̀rọ̀ sì máa rìn pọ̀, ó ti yà sọ́tọ̀ ní ìlà kan ṣoṣo.

Kí ó wá ṣe é kí wọ́n rí i. Kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà àdúgbò rẹ̀, kí ó mú ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ìwàásù rẹ̀, kí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Níbi iṣẹ́ kékeré yìí ni yóò ti kọ́ ohun tí kò sí ní kíláàsì WhatsApp: pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ìlà kan ju nǹkan bí lẹ́tà 42 lọ, wọn kì í sì í to ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ojú òǹwòran kò ní lè kà á tán kí ó tó kọjá lọ. Nígbà tí oníwàásù bá da òwe sílẹ̀, tí ó pa á ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, tí ìjọ sì ti bú sẹ́rìn-ín, olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí òun tú òwe náà ní ẹyọ ẹyọ ni tàbí kí òun sọ ohun tó pa ìjọ lẹ́rìn-ín, nítorí pé àyè kò sí fún méjèèjì. Ẹni tó bá rí bí ó ṣe yanjú ibi kan ṣoṣo yìí kò ní bi í léèrè ìwé ẹ̀rí mọ́.

Lẹ́tà rẹ̀ náà yóò sì yàtọ̀, nítorí pé ó ti ní ohun tí yóò tọ́ka sí. Ìlà bíi méjì àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ni oníbàárà sábà máa ń rí kí ó tó pinnu láti ṣí i, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ìkíni gígùn jẹ wọ́n tán. Bí ìjọ Yorùbá kan ní Peckham, ní London, bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe fídíò, kí ìlà àkọ́kọ́ sọ pé láti ìṣẹ́jú kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò wọn tó jáde kẹ́yìn ti ń sáré ṣáájú ohùn oníwàásù. Kí èkejì sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà níbi tí wọn yóò tẹ̀ wò yìí. Kí ẹ̀kẹta dá ọjọ́ àti owó. Ó ti tán. Kò sì pọn dandan kí ìjọ Peckham yìí wá láti orí ìkànnì kankan. Ìbátan tó ń gbé ní London, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé, ẹni tí aládùúgbò mọ̀ ní Houston, ọ̀dọ̀ irú wọn ni oníbàárà àkọ́kọ́ sábà máa ń gbà yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòṣì tí yóò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò lè ta á ní 5,000 naira.

Oníbàárà náà ní ọrùn, ó sì yẹ kí a wò ó. Upwork ń fi hàn bóyá ìkànnì ti rí ẹ̀rí ọ̀nà ìsanwó rẹ̀, iye tó ti ná, àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìṣáájú sọ nípa rẹ̀. Ẹni tí gbogbo èyí ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó tún ń sọ pé kí a kúrò níbẹ̀ kí a lọ bá òun lórí Telegram, tàbí pé kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà rárá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ fún.

Ó ku owó náà. Bí ogún dọ́là bá jẹ́ iye iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí Fiverr, ìkànnì yóò mú ìdá kan nínú márùn-ún, mẹ́rìndínlógún yóò kù, ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó tó lè fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ PayPal ti wọ Nàìjíríà ní 2014, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, a lè fi í rán owó jáde, a kò lè fi í gba owó wọlé, ọ̀dọ̀ Payoneer ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbà á sí. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba orúkọ tó bá wu ni. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń fẹ́ rí, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì mu. Níbẹ̀ ni Michael Johnson ti Texas, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́wàá, ti máa ń rántí pé Mùkáílà ni bàbá òun sọ òun.