Oríkì Bégẹ̀lì àti Máfìnì, Àwọn Tó Ní Àwọn Fúyẹ́

Bégẹ̀lì o! Mo dìde, mo fẹ́ kì ọ́.
Búrẹ́dì, ọmọ ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n kọ́kọ́ bọ̀ nínú omi gbígbóná
kí wọ́n tó tì í sínú ààrò.
Ará Kraków, tí ìwé àwọn Júù ibẹ̀ ti dárúkọ lọ́dún 1610,
tó bá àwọn aṣíkiri wọkọ̀ ojú omi dé New York,
tó gba ìlú náà títí ó fi di ọmọ onílẹ̀.
Mi ò ní o ò nílé. Mi ò ní o ò níran.
Ikùn rẹ ni mo ń bá ọ jà sí.

Ínǹṣì 3 ni ọ́ tẹ́lẹ̀, kálórì rẹ kò ju 140 lọ.
Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ló kéde rẹ:
láàárín 20 ọdún o di ínǹṣì 6, o di 350.
A-sanra-má-sọ-fẹ́nìkan!
A-wú-gbìnrìn-pera-rẹ̀-ní-tẹ́ẹ́rẹ́!
O ò mọ epo dídín, òótọ́ ni,
ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè ọ́ ní oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ́ ara.
Ṣùgbọ́n kí o tó dé ọwọ́ ẹni tó rà ọ́,
wọ́n á là ọ́ sí méjì, wọ́n á fi wàràkàṣì rírọ̀ rẹ́ ọ bí ìgbà tí a bá ń rẹ́ ògiri.
Síbí ìjẹun méjì rẹ̀ ní nǹkan bí 100 kálórì,
ọwọ́ ẹni tó ń rẹ́ ẹ kì í sì í dúró ní méjì.
Àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára rẹ ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀rí.
Kí ẹni tó fẹ́ ọkà tí a ò bó èèpo rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi pò ọ́,
nítorí ìyẹ̀fun funfun ló sábà máa ń ṣáájú.

Máfìnì, ìwọ gan-an ni mo wá kí.
Kéèkì tó ní òun kì í ṣe kéèkì!
A-léso-lórí-bo-ṣúgà-nídìí!
Arẹwà inú dígí, a-fi-èèpo-àlìkámà-jẹ́-orúkọ!
Ní Dunkin', dónọ́ọ̀tì tí wọ́n da omi ṣúgà lé lórí kò tó 300 kálórì.
Ìwọ máfìnì búlúbẹ́rì lé ní 400.
Dónọ́ọ̀tì ni gbogbo ayé ń dójú tì, ìwọ lo ń yan.
Bàbá tí dókítà ní kó ṣọ́ra fún ṣúgà kọ dónọ́ọ̀tì,
ó ra ìwọ méjì, ó ń dúpẹ́ pé òun gbọ́ràn.
Èyí ló ń dùn mí.

Big Breakfast with Hotcakes ti McDonald's, mi ò ní kì í pẹ́.
Ó lé ní 1,300 kálórì, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní Houston àti Brooklyn,
ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, tí ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́jú,
nítorí yín ni mo ṣe ń pariwo.
Ebi aago méje òwúrọ̀ kì í kàwé,
ṣùgbọ́n ìwé ń bẹ lára pátákó tó wà lókè orí olùtajà.
Ìlú New York fi dandan lé kíkọ kálórì síta lọ́dún 2008.
Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, òfin náà ti ká gbogbo Amẹ́ríkà,
fún ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó yanu.

Kí wá ni ká jẹ?
Egg McMuffin ti McDonald's, ọmọ Santa Barbara, máa bọ̀ níwájú.
Herb Peterson, tó ni ẹ̀ka McDonald's níbẹ̀, ló ṣe ọ́ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.
Ẹyin kan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ẹran díẹ̀, wàràkàṣì díẹ̀:
bíi 310 kálórì, purotéènì 17 gíráàmù.
Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gbé ènìyàn dé ọ̀sán.
Iyọ̀ rẹ ni mi ò ní gbè ọ́ lẹ́yìn sí:
ó gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó yẹ àgbàlagbà lóòjọ́,
nítorí náà kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru má fi ọ́ ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.
Ní Starbucks, ẹ béèrè funfun ẹyin tí wọ́n fi ata pupa sè, ègé méjì rẹ̀ kò tó 200 kálórì.
Ọ́ọ̀tì McDonald's dára, bí ẹ bá ní kí wọ́n má da ṣúgà sí i;
bí ẹ bá dákẹ́, ṣúgà inú rẹ̀ lé ní 30 gíráàmù.
Bégẹ̀lì pàápàá, bó bá ṣe òun lẹ ń yán hànhàn fún,
ẹ ní kí wọ́n wa inú rẹ̀ dànù, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní New York,
kí wọ́n fi ẹyin síbi tí wọn ì bá rẹ́ wàràkàṣì sí.
Ẹ jẹ ìlàjì, kí ẹ fi ìlàjì pamọ́ sínú báàgì.
Kọfí dúdú ni kí ẹ fi tì í, tàbí tíì tí ẹ fúnra yín da mílíìkì sí.