Ìwé Tí Mo Tẹ̀ ní Bajulaiye

Bí ènìyàn bá ń gbé ní Ṣómólú, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí òpópónà Bajulaiye, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń jí àkùkọ, tí òórùn yíǹkì sì ń ṣáájú òórùn ọbẹ̀ wọlé, kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣi ìwé mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì í mọ̀, mo sì tún sanwó lé e.

Àrùn ìkójọ ni ó ń ṣe mí. Láti ìgbà tí Google Reader ti dé ní 2005, tí ó jẹ́ pé bí o bá ti forúkọ ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò sì gbé ìròyìn tuntun wá bá ọ ní ìjókòó, ni mo ti sọ ara mi di baálẹ̀ ìròyìn. Nígbà tí wọ́n tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 2013, mo kó gbogbo orúkọ náà sínú fáìlì OPML, mo kó o wọ áàpù mìíràn, kò tètè jẹ́ mi lóhùn, mo tún kó o wọ̀ ọ́, mo sì tún fi kún ti orí fóònù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mínísítà kan bá sín l'Ábújá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò sín sí mi létí kí n tó mu ẹ̀kọ àárọ̀.

Èyí tí ó bá gùn nínú wọn, inú Pocket, áàpù tí a fi ń tọ́jú ìròyìn de ìgbà kíkà, ni mo ń sọ ọ́ sí, pé n óò kà á lálẹ́. Alẹ́ náà kò tí ì lẹ́.

Àfi bí Mozilla, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, ṣe kéde ní oṣù Karùn-ún, 2025 pé Pocket yóò kógbá wọlé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, pé kí oníkálùkù wá kó ẹrù rẹ̀. Alágẹmọ ti bímọ tirẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Mo gba fáìlì CSV tèmi, mo sì pinnu láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, nítorí bébà kì í kógbá wọlé. Mo gbé e tọ ọ̀kan lọ nínú àwọn ọmọ ìtẹ̀wé wa, a-fi-yíǹkì-wọ-bébà-láṣọ, a-jí-tẹ-káàdì-ìgbéyàwó, a-lẹ́-tẹ-ètò-ìsìnkú.

"Bàbá, ṣé ẹ ti wo inú ẹ̀? Nítorí ohun tí mò ń rí níbí..."

N kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà ni mo padà wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́: àkọlé, àdírẹ́ẹ̀sì tí ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, àti nọ́ńbà gbọọrọ tí í ṣe ọjọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́, tí kọ̀ǹpútà ń fi ìṣẹ́jú àáyá kà láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Ìròyìn gan-an kò sí níbẹ̀ rárá. Ó wà níbi tí mo ti rí i lọ́jọ́ kìíní, bí ẹni tí ó ni ín kò bá tí ì pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ó dùn mí jù. Ó kàn gbọn eruku kúrò lára òkìtì bébà náà, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn líle ni àbí rírọ̀?"

"Líle," ni mo dáhùn, "kí o sì fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ mi sí i."