Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi tó Fi Àgádágodo Ti Tẹlifóònù

Ara, lágbègbè Èjìgbò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìṣọ́. Ìṣọ́ ni mo wí, nítorí mi ò tún mọ ọ́fíìsì mìíràn ní Ara tí wọ́n ti kan àpótí onígi fún tẹlifóònù, tí wọ́n fi àgádágodo tì í, tí ọ̀gá sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò. Mo bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ ní èmi náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ kó ẹrù baba wọn dà sí ààtàn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé bá wa dá sí i.

Ilé-iṣẹ́ yín ní ẹsẹ̀ kan ní Ara, ó ní ẹsẹ̀ kejì ní Treichville, ní Àbíjàn, Côte d'Ivoire. Èyí kò yani lẹ́nu. Ta ni ọmọ agbègbè Èjìgbò tí kò ní ará ní Àbíjàn? Àwọn ìyá wa ń fi Faransé ná ọjà nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí akọ̀wé bá fẹ́ béèrè iye àpò gàrí tó kù ní sítọ́ọ̀ Treichville, ẹ ó wo òkè àjà, ẹ ó wo kọ́kọ́rọ́, ẹ ó ní "ìṣẹ́jú méjì péré," ẹ ó sì dúró tì í títí yóò fi gbé e sílẹ̀.

Àwọn ọmọ yín ní kí ẹ kó íntákọ̀mù, ẹ̀rọ tó so gbogbo tẹlifóònù ọ́fíìsì pọ̀, dànù, kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Ẹ̀yin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìhà méjèèjì ló ń pariwo, ìhà méjèèjì ni kò sì tíì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà.

Èmi wò ó. Oríṣi ihò méjì ló wà níbẹ̀. Wáyà inú àwọn kan ń lọ sórí tábìlì: ti akọ̀wé, ti akápò, ti sítọ́ọ̀. Àwọn yòókù ni wáyà NITEL ń gbà wọlé nígbà tí ẹ̀rọ yìí ṣì wà ní Ìbàdàn. NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, tí GSM wá bá lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí kò sì gbérí mọ́. Ihò rẹ̀ ṣófo títí dòní, àfi ẹyọ kan tí ẹ ki wáyà àpótí síìmù tí ẹ fi ń pe ìta bọ̀. Àwọn ihò òfìfo yẹn ni mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ sí.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní gateway. Irú tí ẹ nílò ni èyí tí wọ́n kọ FXS sí lára ihò rẹ̀. Ẹ ó fa wáyà kan láti ara rẹ̀ sínú ihò NITEL, ẹ ó fa òmíràn sínú ráútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀tàn. Ó ń fi iná díẹ̀ sórí wáyà, ó ń dún húùù kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà, ó ń lu agogo bí ìpè bá wọlé. Gbogbo ohun tí NITEL ń ṣe ló ń ṣe. Íntákọ̀mù yín yóò gbà pé NITEL ti jí dìde. Ẹ̀yin náà lè gbà bẹ́ẹ̀ bó bá máa dùn mọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni gateway yóò gé ohùn sí wẹ́wẹ́, yóò dì í, yóò fi íntánẹ́ẹ̀tì rán an lọ sí Àbíjàn, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn yóò ti tò ó padà. Akọ̀wé á tẹ 9, á tẹ nọ́ńbà tábìlì tó wà ní Treichville, ó tán. A kò ní pààrọ̀ tẹlifóònù kan ṣoṣo ní Ara. Àpótí onígi pàápàá lè wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí yóò máa ṣọ́.

Owó ńkọ́? Bí ọ́fíìsì bá ń pe ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó ń ka ìṣẹ́jú. Dátà nìkan ló ń lọ. Bí ẹ bá ní kí gateway máa fi ìlànà G.729 fún ohùn pọ̀, wákàtí kan gbáko kò ní jẹ ju nǹkan bíi MB 30 lọ, àlọ àti àbọ̀. Fídíò ìnáwó tí ẹ ń wò lórí fóònù nígbà tí ẹ rò pé a kò rí yín ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe WhatsApp. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin lẹ béèrè rẹ̀. WhatsApp tí akápò fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, inú fóònù tirẹ̀ ló wà. Ọjọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, oníbàárà bá a lọ. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ bá sítọ́ọ̀ sọ̀rọ̀, akápò kò lè ti ibẹ̀ gbé ìpè náà fún sítọ́ọ̀. Íntákọ̀mù arúgbó yín ti ń ṣe ìyẹn láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìwé nọ́ńbà yín. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021 ni Côte d'Ivoire sọ nọ́ńbà tẹlifóònù wọn di oní-10 láti oní-8. Nínú nọ́ńbà alágbèéká, ti Orange gba 07 síwájú, ti MTN gba 05, ti Moov gba 01. Oní-8 ló ṣì kún inú ìwé yín. Ẹ ń pè é, kì í lọ, ẹ ń ṣépè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì!

Mi ò ní tàn yín o. Wáyà NITEL máa ń gbé iná tirẹ̀ wá. Gateway àti ráútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí NEPA bá lọ, wọ́n bá a lọ, àfi kí ẹ so wọ́n mọ́ ínfátà tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bí dátà bá ń falẹ̀, ohùn yóò máa pẹ́ kó tó dé. Àwọn onímọ̀ ní bí ó bá ti kọjá 150 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, ẹ̀yin kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣètò ráútà kí ohùn máa kọ́kọ́ kọjá, kí fíìmù àwọn ọmọ dúró.

Ọ̀rọ̀ òkun náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Àbíjàn gan-an: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Nàìjíríà mọ̀ ọ́n lára, Gánà mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, àpótí síìmù tí ẹ ki bọ ihò kan yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ibí nìkan ni mo ti gbà fún yín, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fi irin ti tẹlifóònù, mo mọ̀ pé 1234 lẹ máa fi ti gateway. Ẹ jọ̀ọ́. Olè tirẹ̀ kì í gba Ara kọjá. Ìlú òkèèrè ló máa jókòó sí, tí yóò wọlé lóru, tí yóò máa fi àkáǹtì ìpè ìta tí ẹ bá so mọ́ ọn pe nọ́ńbà olówó gọbọi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n máa mú bíìlì wá bá.

Ẹ pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá. Kí ó tó dá iye kankan lé e, ẹ ní kí ó sọ iye ihò NITEL tó ṣófo fún yín. Bí ó bá ní kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun láìtíì wo ẹ̀yìn íntákọ̀mù, ẹ fún un lómi tútù mu, kí ó máa lọ.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí kì í kọjá ìṣẹ́jú méjì